Bí A Ti Ń Rin Ilẹ̀ Ṣáínà Láìkúrò ní Johannesburg

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Zimbabwe, Lesotho, Mozambique àti ibòmíràn wá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti bi mí léèrè ohun tí àwa ènìyàn mẹ́rìnlá ń ṣe nínú yàrá ìkàwé ní ọ̀sán Sátidé kejì oṣù, tí a ń tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Ṣáínà sórí tábìlì, tí a sì ń pariwo ọ̀rọ̀ kan náà ní ohùn mẹ́rin. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé ẹ̀sìn titun ni a dá sílẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálàmù láti ṣàlàyé bí ọ̀ràn náà ti rí.

Nínú kíláàsì ìtàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan nínú wa wí pé ọ̀kan náà ni gbogbo ará Ṣáínà. Olùkọ́ wa kò bínú. Ó kàn bi í léèrè bóyá ọ̀kan náà ni Ìjẹ̀bú àti Ègùn, tàbí Sotho àti Shona. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ní kí a dárúkọ ẹkùn mẹ́ta péré nínú ẹkùn tí ó lé ní ọgbọ̀n tí ó wà ní Ṣáínà, ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Láti ọjọ́ náà ni a ti dá ẹgbẹ́ ìbádọ́rẹ̀ẹ́ yìí sílẹ̀. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan a ó yan ẹkùn kan, ẹnì kan yóò sì dìde sọ ìtàn rẹ̀ fún wa: odò rẹ̀, òkè rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, àti àwọn arìnrìn-àjò tí ó ti ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn èyí a ó wá ipasẹ̀ ẹkùn náà kiri nínú ìlú Johannesburg tìkára rẹ̀. Òfin kejì yìí ni ó dùn mọ́ mi jù, nítorí kò sí ẹni tí ó ní owó ọkọ̀ òfuurufú nínú wa, ṣùgbọ́n owó tasí kò wọ́n wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn, nítorí ibẹ̀ ni àwa fúnra wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ọkọ ìyàwó kì í ṣe ọkọ́ tí a fi ń roko, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí àjò. Bákan náà ni ó rí ní Ṣáínà. Nínú èdè Beijing, tí í ṣe èdè ìjọba, ohùn mẹ́rin ni ó wà. Bí a bá pe ma ní ohùn òkè gbọọrọ, ìyá ni. Bí ohùn náà bá ti ìsàlẹ̀ gòkè, ewéko tí a fi ń ṣe okùn ni. Bí ó bá kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ kí ó tó gòkè, ẹṣin ni. Bí ó bá sì já wálẹ̀ lójijì, èébú ni. Ẹ wo wàhálà tí ó wà nínú kí ènìyàn fẹ́ kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó sì pè é ní ẹṣin! Àwa ọmọ Yorùbá tètè mọ̀ ọ́n ju àwọn yòókù lọ, a sì ṣe fáàrí díẹ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Guangdong, ní ìhà gúúsù, ohùn mẹ́fà ni wọ́n ń lò, fáàrí wa sì parí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ará Guangdong àti ti ará Beijing yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè jókòó ti ara wọn kí ọ̀kan má gbọ́ ohun tí èkejì wí, síbẹ̀ bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì lè kà á. Orúkọ ìdílé kan náà ni wọ́n ń pè ní Chen ní Beijing, ní Chan ní Guangdong, àti ní Tan ní gúúsù Fujian.

Ní ìpàdé kejì a po tíì. Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó gbọ́ èdè Swahili pè é ní chai. Ará Mozambique pè é ní chá, gẹ́gẹ́ bí àwọn Potogí ti ń pè é. Ọmọ Zulu pè é ní itiye. Èmi pè é ní tíì. A kọ́kọ́ rò pé olúkúlùkù ni ó ní orúkọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni gbogbo rẹ̀. Cha ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Ṣáínà ń pè é. Àwọn Potogí tí ó tẹ̀dó sí Macau, lẹ́bàá Guangdong, gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò tí ó gba orí ilẹ̀ kọjá sí Páṣíà náà gbé e lọ bẹ́ẹ̀, títí ó fi di chai ní etíkun àwọn Swahili. Ṣùgbọ́n te ni wọ́n ń pè é ní gúúsù Fujian. Lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni àwọn ará Họ́láǹdì ti rà á, wọ́n gbé orúkọ náà dé Yúróòpù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, àwọn ni ó sì gbé e dé Ìbàdàn. Báyìí ni ìyá mi àgbà, tí kò mọ ibi tí Ṣáínà wà, ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ Fujian ní òròòwúrọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkó ni ó sábà máa ń wà nínú ife tí ó ń pè ní tíì.

Ìtàn àwọn arìnrìn-àjò pọ̀, n kò lè sọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo fẹ́ràn ti Zheng He. Ọmọ Yunnan ni, ẹkùn tí kò fojú kan òkun, Mùsùlùmí sì ni ìdílé rẹ̀. Wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré nígbà ogun, wọ́n sì sọ ọ́ di ìwẹ̀fà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ọ̀yọ́ mọ̀ pé ìwẹ̀fà lè di alágbára ní ààfin. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún un. Láàárín ọdún 1405 sí 1433, ẹ̀ẹ̀meje ni ọkọ̀ ojú omi lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ ṣí kúrò ní Ṣáínà, àwọn kan nínú wọn sì dé etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, títí kan Malindi. Ní ọdún 1415 wọ́n mú àgùnfọn láti Malindi dé ààfin ọba Ṣáínà, gbogbo ìlú sì dà jáde láti wò ó. Nígbà tí a sọ èyí, ọ̀rẹ́ wa láti Zimbabwe dìde, ó ní a ti wa àfọ́kù àwo Ṣáínà rí nínú àwókù Great Zimbabwe. Òótọ́ ni. Kì í ṣe pé ará Ṣáínà rìn dé ibẹ̀. Láti ọwọ́ oníṣòwò kan dé ọwọ́ òmíràn ni àwo náà ti rìn láti etíkun wọ inú ilẹ̀.

Nígbà tí ó kàn mí láti sọ̀rọ̀, Shandong ni wọ́n yàn fún mi. Mo múra sílẹ̀ gidigidi. Mo sọ̀rọ̀ nípa Qufu, ìlú tí a bí Confucius sí, àti nípa òkè Tai tí àwọn ọba ń gùn láti rúbọ. Mo sọ bí Odò Aláwọ̀ Èsúrú ṣe ya kúrò ní ipa rẹ̀ ní ọdún 1855 tí ó sì gba inú Shandong lọ sí òkun, tí omíyalé àti ìyàn sì ń pọ́n àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ lójú léraléra. Nígbà náà ni mo wá sọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe kan Johannesburg. Ogun láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Boer parí ní ọdún 1902, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kò tètè padà sínú kòtò wúrà, nítorí owó tí wọ́n ń san kéré. Ní ọdún 1904 ìjọba Transvaal ṣe òfin tí ó fàyè gba kíkó òṣìṣẹ́ wá láti Ṣáínà, ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì gúnlẹ̀ sí Durban. Kí ó tó parí, ó lé ní 63,000 ọkùnrin tí ó wá, púpọ̀ jù nínú wọn láti Shandong àti Zhili tí ó múlé gbè é, èyí tí púpọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Hebei lónìí. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn wọn. Inú ọgbà tí a sé mọ́ wọn ni wọ́n ń gbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ gba ìwé àyè, ìwé náà kì í sì í ju wákàtí 48 lọ. Òfin kò gbà wọ́n láyè láti ṣòwò, tàbí láti ní ilẹ̀, tàbí láti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn òyìnbó ń ṣe. Ọ̀ràn wọn di ariwo ńlá ní ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà ìdìbò ọdún 1906.

Mo fi ọ̀rọ̀ mi gúnlẹ̀ pé ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn awakùsà wọ̀nyí ni àwọn ará Ṣáínà tí ó ti pẹ́ ní Johannesburg. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Irọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n n kò mọ̀.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e a lọ sí òpin ìwọ̀-oòrùn Commissioner Street, níbi tí àwọn ará Ṣáínà àkọ́kọ́ tẹ̀dó sí nínú ìlú yìí. Díẹ̀ ni ó kù níbẹ̀ báyìí: ilé ìtajà bíi mélòó kan, ilé oúnjẹ, àti ilé ẹgbẹ́ àtijọ́. A wọ ilé ìtajà bàbá àgbàlagbà kan. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Ó sì jọ pé ó yé e, nítorí ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Mo bi í léèrè kòtò wúrà tí baba rẹ̀ àgbà ti ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo ènìyàn ni ó ń bi mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá àwọn awakùsà padà sílé. Baba mi àgbà ti ara rẹ̀ wá, òun ni ó san owó ọkọ̀ ara rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Títí di ọdún 1910 ni wọ́n ti kó àwọn awakùsà náà padà, àwọn tí ó ṣẹ́ kù kò tó nǹkan. Ẹ̀yà mìíràn ni àwọn tí ó dúró. Lẹ́yìn tí a rí wúrà ní ọdún 1886, àwọn ọkùnrin láti Nanhai àti Shunde ní Guangdong bẹ̀rẹ̀ sí wá sí Transvaal lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn Hakka láti Meixian, tí púpọ̀ nínú wọn gba erékùṣù Mauritius kọjá, ni ó sì pọ̀ jù ní ìhà Port Elizabeth. Òfin kò jẹ́ kí wọ́n wa wúrà fún ara wọn, kò sì jẹ́ kí wọ́n ra ilẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe di onílé ìtajà kékeré, tí wọ́n ń ta búrẹ́dì, ṣúgà àti kẹ́rosíìnì ní ìwọ̀n tí owó òṣìṣẹ́ ká. Tẹ́tẹ́ fàfí náà, èyí tí a ti ń fi àlá yan nọ́ńbà láti 1 dé 36, ọwọ́ àwọn ará Ṣáínà ni ó ti jáde. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn bàbá wa ní Èkó ti ń fi àlá ta tẹ́tẹ́ kò nílò àlàyé mi.

Bàbá náà ya àwòrán Shunde fún wa sẹ́yìn ìwé rìsíìtì. Igi móbẹ́rì ni a gbìn sí etí adágún ẹja. Ewé rẹ̀ ni kòkòrò tí ń pọ̀ sílíìkì ń jẹ; ìgbẹ́ kòkòrò náà ni a ń dà fún ẹja; ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni a sì ń kó padà sí ìdí igi. Mo ti lo àwòrán náà nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣẹ̀dá lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ sì gbọ́ ọ ju ohun tí ó wà nínú ìwé wa lọ.

Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e mo dìde, mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Ó nira fún mi díẹ̀, nítorí ìpàtẹ́wọ́ wọn ṣì wà létí mi.

Bàbá náà ni ó tún sọ fún wa pé kí a lọ sí itẹ́ òkú Braamfontein. Kí n tó sọ ohun tí a rí níbẹ̀, ó yẹ kí n sọ ti òfin ọdún 1907. Ní ọdún náà ìjọba Transvaal pa á láṣẹ fún gbogbo ará Éṣíà, ìbáà ṣe ará Íńdíà tàbí ará Ṣáínà, pé kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́tun, kí wọ́n tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí wọ́n sì máa mú ìwé náà rìn kiri kí ọlọ́pàá lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ìtẹ̀ka jẹ́ lójú wa: ẹni tí kò mọ̀wé ni a ń ní kí ó tẹ àtàǹpàkò, ọ̀daràn ni a sì ń gba ìka mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀. Gandhi, tí í ṣe lọ́yà ní Johannesburg nígbà náà, ni ó ṣíwájú àwọn ará Íńdíà. Leung Quinn ni ó ṣíwájú àwọn ará Ṣáínà. Wọ́n pinnu pé àwọn kò ní forúkọ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n náà ni ó sì jẹ́: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1908 àwọn méjèèjì wà ní àtìmọ́lé ní Fort, lórí òkè tí Ilé-Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ wà lónìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, nígbà tí àdéhùn wọn pẹ̀lú ìjọba bàjẹ́, wọ́n dáná sun ìwé tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì níwájú mọ́sálásí Hamidia.

Nínú ìjà yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Chow Kwai For. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni nínú ilé àwọn ẹlòmíràn, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá àwọn ará ìlú rẹ̀ pàdé. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó lọ forúkọ sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ òun, ó sì lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi ìtumọ̀ òfin náà hàn án ní èdè tirẹ̀. Nígbà tí ó mọ ohun tí ó ti fọwọ́ sí, kò lè wo ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1907 ó pa ara rẹ̀, ó sì fi lẹ́tà sílẹ̀ pé kí àwọn yòókù má ṣe irú àṣìṣe tí òun ṣe. Àwọn ará Ṣáínà gbé òkúta ìrántí dúró sí ibojì rẹ̀.

Mo dúró níwájú òkúta náà pẹ́ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ, ó sì ní ìdí. Ní oṣù kejì tí mo dé ìlú yìí, mo fọwọ́ sí ìwé kan nítorí yàrá tí mo fẹ́ gbà. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì lè kà á, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà kọ́ ni wọ́n kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ni ilé ń wo aago rẹ̀. Ojú tì mí láti sọ pé kò yé mi, èmi tí mo fẹ́ di olùkọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tí mo fẹ́ kúrò níbẹ̀ wá sí tòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìwé náà gba owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi. N kò sọ ọ́ fún bàbá mi lórí fóònù títí di òní. Bóyá níhìn-ín ni yóò ti kà á.

N kò fi ìyà yàrá wé ikú ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹgbẹ́, mo rí i pé ènìyàn mẹ́fà nínú wa ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, tí kò sì sí ẹni tí ó sọ fún ẹnì kejì. Láti ìgbà náà ni a ti fi ohun kan kún iṣẹ́ wa. Kí a tó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Ṣáínà, ẹni tí ó bá ní ìwé kan tí wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí yóò mú un wá, ìbáà jẹ́ ti yàrá, ti iṣẹ́ tàbí ti ìwé ìgbélùú, a ó sì kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, a ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, Shona, Sesotho, títí yóò fi yé e. Nígbà mìíràn ìwé náà a gba wákàtí kan, Ṣáínà a sì ṣẹ́ ku díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn iṣẹ́ wa. Ọmọ Soweto kan fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta. Ó ní aṣọ ọ̀pọ́ láti Ṣáínà ni ó pa iṣẹ́ aránṣọ ìyá òun, òun kò sì rí ìdí tí òun yóò fi máa kọrin ìyìn wọn. N kò lè bá a jiyàn púpọ̀. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà pàápàá fi òté lé iye aṣọ Ṣáínà tí ó lè wọlé láàárín ọdún 2007 sí 2008. Ní ilé wa, ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, àwọn ìyá aládìrẹ ti ké títí nítorí ayédèrú àdìrẹ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí a ń tà ní ìdajì iye tiwọn. Ohun tí mo sọ fún un ni pé bàbá Commissioner Street kọ́ ni ó tẹ aṣọ náà, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe èmi ni mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n fi ń bú ọmọ Nàìjíríà ní ìlú yìí. Kò dá mi lóhùn. A ṣì ń kí ara wa.

Ọdún 2008 náà ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni ìkọlù sí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ ní Alexandra, kí ó sì tó rọlẹ̀, ó lé ní ọgọ́ta ènìyàn tí ó ti kú. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni ilé-ẹjọ́ gíga ní Pretoria dájọ́ pé àwọn ará Ṣáínà tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí wà lára àwọn tí òfin ìfúnniláǹfààní gbọ́dọ̀ ṣe lóore, nítorí pé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kà wọ́n mọ́ àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, ó sì fi ẹ̀tọ́ dù wọ́n. Bàbá wa ní àwọn kan bú òun ní ọjà nítorí ìdájọ́ náà.

Ti Cyrildene kò gba àlàyé gígùn, nítorí ọ̀pọ̀ yín ti lọ jẹun níbẹ̀. Derrick Avenue ni ojú òpó rẹ̀, àwọn ará Ṣáínà titun ni ó sì kún un láti bí ọdún 1990 wá, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Fujian. Bí ẹ bá fi èdè Guangdong tí bàbá wa kọ́ yín kí wọn, wọn yóò wò yín bí ẹni tí ó ń fi èdè Ègùn ra ẹran ní Ìlọrin. A tún lọ sí tẹ́ḿpìlì Nan Hua ní Bronkhorstspruit, tí a parí ní ọdún 2005. Ó tóbi, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n òjò lé wa padà kí a tó rí ìdajì rẹ̀.

Yunnan ni ó kàn ní oṣù tí ń bọ̀, ọ̀rẹ́ wa láti Lesotho ni yóò sì sọ̀rọ̀, nítorí ó ní ẹni tí a bí sórí òkè ni ó yẹ kí ó sọ ti àwọn olókè. Ago méjì ọ̀sán ni a ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìwé tí wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí, kí ó mú un dání, kí ó má sì tíì fọwọ́ sí i. Kí ó mú ife tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ife mẹ́sàn-án péré ni a ní.